Ìwé David Bakhurst lórí Ilyenkov àti Fìlọ́sọ́fì Ayé Sófíẹ̀tì

Ní ayé ìjọba Sófíẹ̀tì, Marx àti Lenin ni gbogbo onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ń tọ́ka sí, débi pé ẹni tó bá ń wò wọ́n láti òkèèrè yóò rò pé ẹnu kan náà ni gbogbo wọn fi ń sọ̀rọ̀. *Consciousness and Revolution in Soviet Philosophy*, tí ilé-ìtẹ̀wé Cambridge gbé jáde ní 1991, fi hàn kedere pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìjà láàárín àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ní àwọn ọdún 1920 ni ìwé náà fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn Deborin, tí wọ́n gbé ìrònú Hegel ga, borí àwọn Mẹ́káníìsì, tí wọ́n gbà pé sáyẹ́ǹsì ti tó láìsí fìlọ́sọ́fì tó ń darí rẹ̀, ní 1929, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di 1931, Mitin, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì tó wà lẹ́yìn Stalin, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi agbára Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì borí Deborin náà. Láti ìgbà yẹn, àṣẹ ló ń parí àríyànjiyàn.

Evald Ilyenkov, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ayé Sófíẹ̀tì, ni òpó tó gbé ìwé yìí ró. Òun náà ń tọ́ka sí Lenin bíi tàwọn alátakò rẹ̀. Ìbéèrè tó ń bi ara rẹ̀ ló yà á sọ́tọ̀: níbo gan-an ni èrò ń gbé? Iye tí owó ní kò sí lára bébà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí ẹnì kan dá rò sínú orí. Inú ìgbé-ayé àjọṣe àwọn èèyàn ló wà, ó sì lágbára lórí ẹni tí kò tilẹ̀ ronú nípa rẹ̀ rí. Irú ìrònú yìí, tó fẹ́ kí fìlọ́sọ́fì máa yẹ èrò fúnra rẹ̀ wò, ló mú kí wọ́n lé òun àti Korovikov ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Mọsko ní 1955.

Lójú tèmi, ohun tó sọ Ilyenkov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ di agbo onírònú gidi ni pé èrò náà kúrò lórí ìwé. Ní Zagorsk, ìlú kan nítòsí Mọsko, nílé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran tí wọn kò sì gbọ́rọ̀, ní abẹ́ ìtọ́sọ́nà Meshcheryakov, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, olùkọ́ a di ọwọ́ ọmọ mú mọ́ ṣíbí, a sì máa dẹ ọwọ́ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ náà bá ti ń gbìyànjú fúnra rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ èrò ni Ilyenkov rí níbẹ̀, mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ọ̀hún sì kàwé yege ní Yunifásítì Mọsko.

Orí karùn-ún le púpọ̀, ẹni tó bá sì ń wá ìtàn Lotman, onímọ̀ nípa àmì àti àṣà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Tartu ní Estonia yóò ní láti wá ìwé mìíràn. Síbẹ̀, mo fi tọkàntọkàn gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú láti rà á, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹfà.