Mo Fi Ìka Kan Ìkòkò, Wọ́n Lọgun Mọ́ Mi: Ohun Tí Ojú Mi Rí Níbi Ìpàtẹ Iṣẹ́ Amọ̀ n'Íbàdàn

Ìkòkò tí èèyàn ò bá kàn, kò tíì mọ ohun tó ń rà. Ìyá ìyá mi ló fi èyí kọ́ mi ní Ìpetumodu, nígbà tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ. Wàá gbé ìkòkò lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, wàá fi oríkèé ìka ọ̀tún kàn án léjìká. Tó bá dún gooro bí agogo, ara rẹ̀ le. Tó bá dún pẹ̀kẹ̀ bíi pákó, ó ti sán níbì kan nìyẹn, bí ojú ò bá tiẹ̀ rí i. Nítorí náà, nígbà tí ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn lọgun mọ́ mi ní Sátidé tó kọjá pé "Màmá! Ẹ má fọwọ́ kàn án!", tí gbogbo èèyàn yíjú sí mi bíi pé wọ́n ká olè mọ́ ọjà, inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Tìtorí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Ìpàtẹ iṣẹ́ amọ̀ ni, ní gbọ̀ngàn kan níbí n'Íbàdàn. Amọ̀kòkò mẹ́rìnlá ló kó iṣẹ́ wọn jọ: ìyá mẹ́rin láti Dada l'Ókèlele, Ìlọrin, ìyá méjì láti Ìpetumodu, ìlú ìyá mi, àwọn mẹ́jọ yòókù jẹ́ ọ̀dọ́ tó kọ́ iṣẹ́ amọ̀ nílé ìwé gíga. ₦2,000 ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Ibi ìgbọ́kọ̀sí wà, iná ò lọ, ilé ìtọ̀ mọ́. Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ìyẹn.

Àmù kan ló fà mí wọlé. Àárín gbọ̀ngàn ni wọ́n gbé e sí, lórí àpótí funfun, iná kékeré kan ń tàn sí i látòkè. Ikùn rẹ̀ rí róbótó, ọrùn rẹ̀ kúrú, ètè rẹ̀ ṣí síta díẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ti yí ṣùkù àgbàdo lé e léjìká nígbà tó ṣì tutù, ojú ṣùkù náà sì yí i ká ní ìlà mẹ́ta. Nísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ iná ti bà á, àbàwọ́n dúdú kan wà níbẹ̀ tó dà bí ìgbà tí òjò ṣú. Oúnjẹ ni mò ń tà, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń wá àmù gidi tí mo lè gbé kalẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi. Mi ò rí èyí tó dára tó yẹn láti ìgbà tí ìyá ìyá mi ti kú. ₦45,000 ni wọ́n kọ mọ́ ọn. Ó wọ́n, àmọ́ mo ti ń ṣírò bí mo ṣe máa san án.

Mo kàn án. Lápá ọ̀tún, gooro. Mo bọ́ sápá òsì, mo tún kàn án: pẹ̀kẹ̀. Àyà mi já. Ibi tí mo ti fẹ́ kàn án lẹ́ẹ̀kẹta ni ọmọkùnrin yẹn ti lọgun.

Mo ní, "Ọmọ mi, àmù yìí ti sán."

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, òfin ni. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri níbẹ̀ yẹn."

Lóòótọ́ wọ́n kọ ọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, òun àti gbogbo káàdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìpàtẹ ìkòkò Yorùbá, n'Íbàdàn, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan lára ògiri. Wọn ò pe àmù ní àmù. Wọn ò pe ìṣaasùn ní ìṣaasùn. Wọn ò pe ajere ní ajere, bẹ́ẹ̀ ojú ihò tó yí i ká ń wo èèyàn níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó fi káàdì kọ́rùn wá bá wa. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó rọra sọ̀rọ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ohun tó sọ bí mi nínú ju ariwo ọmọkùnrin yẹn lọ. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ ọnà lèyí o, kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n ń lò."

Kí ni wọ́n wá mọ ọ́n fún? Ìyá tó mọ ọ́n, kó lè gba omi ló ṣe mọ ọ́n. Ikùn rẹ̀ tóbi torí omi. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ kí igbá ìbomi lè wọ ibẹ̀, ọrùn rẹ̀ sún kì kí omi má baà tú dànù. Ẹwà tí ẹ tìtorí ẹ̀ gbé e gorí àpótí, omi ló bí i.

Mo kúrò níbẹ̀ kí n má baà sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò ní lè kó mọ́.

Yàrá kejì ló rọ̀ mí lọ́kàn díẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ti to àpáàdì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó nà wọ́n ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí etí wọn wà lókè, ní ìtò eegun ẹja, ó sì fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín. Bí wọ́n ṣe to ilẹ̀ Ilé-Ifẹ̀ láyé ọjọ́un nìyẹn, èyí tí ìtàn sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba, ló ní kí wọ́n ṣe. Wọ́n ní kéèyàn bọ́ bàtà kó rìn lórí ẹ̀. Mo bọ́ bàtà. Ó tutù lábẹ́ ẹsẹ̀, kò sì gún mi rárá, torí àwọn àpáàdì náà fún mọ́ra bí eyín inú ẹnu. Mo lọ, mo bọ̀, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Onítọ̀hún wà lórí ìdúró níbẹ̀, ó ń dá gbogbo ẹni tó bá bi í ní nǹkan lóhùn. Ó ní ààtàn àwọn amọ̀kòkò Ìpetumodu lòun ti ṣa púpọ̀ nínú ẹ̀. Mo tún padà gun orí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bóyá ti ìyá ìyá mi wà níbẹ̀.

Àwọn kọ́ọ̀bù àti abọ́ onígíléèsì, ìyẹn èyí tí wọ́n fi èròjà tó ń dán bíi gíláàsì bò lára, pọ̀, wọ́n rẹwà, àwọ̀ aró ti inú wọn jinlẹ̀. Iléru gáàsì ni wọ́n fi sun wọ́n, ooru rẹ̀ kọjá 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iná gbangba tí àwọn ìyá wa ń dá kì í sábà dé 1,000. Kọ́ọ̀bù tó bá jẹ́ báyẹn ò ní jo, ó dáa fún tíì. Ẹnì kan wá fi gíléèsì bo odindi àmù, ₦120,000 ló pè é. Àmù ò ṣeé bò bẹ́ẹ̀. Òógùn tí àmù ń là ló ń mú omi inú ẹ̀ tutù: omi á máa yọ jáde lára amọ̀ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, ooru á sì bá a lọ. Tí wọ́n bá ti fi gíléèsì dí gbogbo ojú ìyọ̀ rẹ̀, ìkòkò lásán ló kù. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣe é, ó sì gbọ́ mi yé, kò bínú.

Ibi tí mo ti ń ka káàdì àwọn ọ̀dọ́ yìí ni nǹkan kan ti gún mi lójú. Káàdì tiwọn ní orúkọ, orúkọ bàbá, ilé ìwé tí wọ́n ti jáde, orúkọ tí wọ́n sọ iṣẹ́ náà, gbogbo ẹ̀. Mo padà sídìí àmù. Lára káàdì tiẹ̀, ohun tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ kò ju "amọ̀kòkò, Ìlọrin" lọ. Mo lọ wo ìṣaasùn: "amọ̀kòkò, Ìpetumodu". Ẹni mẹ́fà, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Àwọn ìyá náà ò kú o. Wọ́n wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, lábẹ́ kánópì, lórí àga oníke, wọ́n ń dúró de aago méjì tí wọ́n máa fi bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò han èèyàn.

Mo wá ọmọbìnrin ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo yọ ogún náírà nínú pọ́ọ̀sì mi, mo dojú ẹ̀yìn ẹ̀ kọ ọ́. Mo ní, "Ọmọ mi, ta ni ìyá tó ń mọ ìkòkò yìí?"

Ó wò ó pẹ́. Ó ní òun ò mọ̀.

Mo ní Ladi Kwali ni. Ọmọ Gbagyi ni, láti ìlú Kwali. Inú ilé ló ti kọ́ iṣẹ́, bíi tàwọn ìyá tó wà níta yẹn. Lọ́dún 1954 ló dara pọ̀ mọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀kòkò tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Suleja báyìí, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù. Ó kú lọ́dún 1984. Nígbà tí wọ́n tẹ ogún náírà oníke yìí jáde lọ́dún 2007, wọ́n fi àwòrán rẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀. Ká ní ẹni tó kọ́kọ́ pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ kọ "amọ̀kòkò, Kwali" síbẹ̀, tó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n lónìí?

Kò bá mi jà. Kò sọ pé òfin ni. Ó di owó náà mú, ó tún yí i padà, ó ní, "Mà, ojoojúmọ́ ni mò ń ná an." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ bá àwọn ìyá."

Ìgbà tí a débẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyá Dada ti bẹ̀rẹ̀. Ó dojú ìkòkò àtijọ́ kan dé, ó fọ́n eérú sí i lẹ́yìn, ó na amọ̀ pẹlẹbẹ lé e, ó ń fi ọwọ́ lù ú pẹ́pẹ́pẹ́ títí ó fi bo ìdí ìkòkò náà yíká. Ó gbé ìyẹn sápá kan, ó fa òmíràn tó ti ṣe láàárọ̀, tó ti gan díẹ̀, ó wá ń fi amọ̀ tó lọ́ bí okùn lé e, ó ń fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ra láti inú, ó ń fi ọwọ́ kejì gbà á láti òde. Àkísà tútù ló fi yí ètè rẹ̀ po, ẹ̀ẹ̀kan péré, ètè ìkòkò sì gún régé. Ó ń sọ fún wa bí wọ́n ṣe máa ń wọ́n omi èèpo èso igi irú sí ìkòkò nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú iná jáde, kí ara rẹ̀ lè dúdú kó sì dì. Gbogbo èèyàn dákẹ́. Ọmọkùnrin tó lọgun mọ́ mi náà ti wá dúró sẹ́yìn, ó la ẹnu sílẹ̀ ó ń wò.

Ọmọbìnrin wa kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, àmù yín tó wà nínú ilé, ẹnì kan sọ pé ó ti sán."

Ìyá nu ọwọ́ sára ìró, ó dìde. A tẹ̀ lé e wọlé. Ó rìn tààrà lọ sídìí àpótí funfun, ẹnikẹ́ni ò ké mọ́ ọn, ó fi ìka kàn án: gooro. Ó bọ́ sápá òsì: pẹ̀kẹ̀. Ó kàn wò wá. Ó ní, "Ó sán. Inú ọkọ̀ ni. Mo ní kí wọ́n fi koríko tẹ́ ẹ nídìí, wọn ò gbọ́." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e gorí àpótí, ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kò sẹ́ni tó pe ìyá wọlé wá wò ó.

Nígbà yẹn ni inú mi rọ̀. Ọmọbìnrin náà ò wá àwáwí. Ó ya iye owó kúrò lára àmù lójú wa. Ó mú bírò, ó lọ bá àwọn ìyá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n léèrè orúkọ, ó ń kọ ọ́ sára káàdì pẹ̀lú àmì ohùn, ó tún ń kà á sí wọn létí bóyá ó tọ̀nà. Ó bi wọ́n ohun tí wọ́n ń pe ìkòkò kọ̀ọ̀kan, ó kọ ìyẹn náà. Ìyá Ìpetumodu kan ní kó fi oríkì òun sí i, ó sì fi sí i. Ọmọkùnrin yẹn wá dọ̀bálẹ̀ fún mi láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an. Mo ní kó dìde, mo fi bí wọ́n ṣe ń kan ìkòkò hàn án.

Àmọ́ mo ṣì ní ẹ̀hónú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣètò ìpàtẹ yìí, ìyá tó mọ àmù tẹ́ ẹ pè ní ₦45,000 sọ iye tẹ́ ẹ rà á lọ́wọ́ òun fún mi. ₦6,000 ni. Ẹ gbé ọkọ̀, ẹ gba gbọ̀ngàn, mo gbà. Ìyẹn ò gbé iye náà dé ibi tẹ́ ẹ gbé e dé, àwọn ọ̀dọ́ tó sì wà nínú ìpàtẹ kan náà sọ fún mi pé ìdajì owó iṣẹ́ wọn ló ń kàn wọ́n. Ẹ fún àwọn ìyá náà ní ìdajì.

Ìyá Dada ní àmù mìíràn nínú ọkọ̀ tí wọn ò pàtẹ. Ó kéré sí ti àkọ́kọ́, ṣùkù rẹ̀ sì jẹ́ ìlà méjì. Mo kàn án yíká, ìyá ń rẹ́rìn-ín. Gooro níbi gbogbo. ₦15,000 ni mo san, ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi lé. Òun fúnra rẹ̀ ló di koríko mọ́ ọn nídìí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pọn omi sí i tí mo ń dà á nù, kí òórùn amọ̀ lè dínkù. Lọ́jọ́ kẹrin, ara rẹ̀ ti ń làágùn. Mo bu omi fún oníbàárà mi kan, bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó mu ún tán, ó gbé ife lé orí tábìlì, kò sọ nǹkan kan, ó tún na ife sí mi.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Mo mọ̀ pé ohun tí mo kọ sókè yìí ò jọ 5. Tí mo bá fún wọn ní 2, wọ́n á ní àwọn èèyàn ò fẹ́ràn ìpàtẹ ìkòkò, wọn ò sì ní ránṣẹ́ sí àwọn ìyá yẹn mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n palẹ̀ mọ́. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n ń mọ ìkòkò lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹ tètè débẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí àga jókòó.