Ọ̀pá ìbọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ṣakabùlà tí mo ti lò fún òjò mẹ́ta

Àrìnpa o, ẹ̀yin ọdẹ. Ìgbà òjò mẹ́ta ni mo ti lo ṣakabùlà yìí, ìbọn àkìlẹ́nu tí à ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu ọ̀pá, mo sì ti gbé e wọ igbó Ọ̀dẹ́dá títí dé apá Ọ̀pẹ́jì, nítorí náà ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe ti ẹni tó rà á lánàá. Àwọn ọmọkùnrin tó ń wọ ẹgbẹ́ ọdẹ l'Abẹ́òkúta níbí máa ń bi mí pé irú ṣakabùlà wo ni kí àwọn rà. Igi ìdí ìbọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò: ṣé ó dán, ṣé wọ́n fi awọ wé e. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, díẹ̀ ló sì kù kí ojú mi bá a lọ.

Ti bàbá mi ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ìbọn olókùúta ni. Irú ìbọn àkìlẹ́nu bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ àwọn Ẹ̀gbá ní ẹnubodè Aró l'Abẹ́òkúta lóṣù kẹta ọdún 1851 tí Dàhọ́mì wá gbógun tì wọ́n. Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì wà lára àwọn tó ń kó o wá tà létíkun láyé ọjọ́un, ibẹ̀ ni orúkọ Dane gun tí òyìnbó ń pè é ti wá. Tí o bá fà á, òòlù tó gbé òkúta lẹ́nu á gbá irin, iná á ṣẹ́ sínú ẹ̀tù tó wà nínú àwo kékeré, iná yẹn á gba ihò wọ inú ọ̀pá lọ. Ṣàà, kó tó di gbàù! Àárín ṣàà àti gbàù yẹn ni ẹran ti ń sá lọ. Bàbá mi a ní kí n má mí, kí n má sì ṣí ojú kúrò lára ẹran títí èéfín yóò fi bò mí lójú. Ẹ̀kọ́ yẹn ṣì ń ṣe mí lóore dòní. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti dé, ẹ̀tù inú àwo a máa mu omi. Lóru ọjọ́ kan, ẹtu kan dúró gbagidi níwájú mi, kò ju ìṣísẹ̀ 20 lọ. Mo fà á. Mo gbọ́ "kẹ́", ó parí síbẹ̀. Ẹtu yẹn tiẹ̀ tún wò mí kó tó rọra wọgbó.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n wá tuntun lọ. Alágbẹ̀dẹ kan gbé ọ̀kan wá fún mi, ìdí rẹ̀ pupa bí osùn, owó rẹ̀ kò sì ga. Mo ti ń ka owó lọ́wọ́ nígbà tí àgbà ọdẹ kan tó bá mi lọ ní kí n dúró. Ó fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹnu, ó ki èékánná bọ̀ ọ́, ó ń họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìlà kan wà nínú rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ó lọ tààrà sí ìdí. Páìpù omi ni! Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ká, tí wọ́n jó ẹnu rẹ̀ pọ̀. A ní kí a dán an wò kí ẹnikẹ́ni tó gbé e léjìká. A so ó mọ́ kùkùté, a ki ìwọ̀n ẹ̀tù tí à ń lò lójoojúmọ́ sí i, a sì fi okùn fà á láti ẹ̀yìn ògiri. Ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì náà bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló là lójú ìlà yẹn, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi, níbi tí ọwọ́ òsì mi ì bá wà gan-an. Mi ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà.

Ìlọ́po méjì owó yẹn ni mo fi ra èyí tí mo ń lò báyìí. Ìdí rẹ̀ kò lẹ́wà. Ọ̀pá rẹ̀ ni mo rà: kò ní ìlà nínú, ó nípọn níbi ìdí, torí ibẹ̀ ni agbára ẹ̀tù ti ń bú, ó wá ń fẹ́lẹ́ bọ̀ wá síbi ẹnu. Tí mo bá ju irin ìkibọn sínú rẹ̀ nígbà tó ṣófo, á ta padà, á dún gooro bí agogo. Tó bá dún gbì, nǹkan wà níbẹ̀. Kápù, fìlà bàbà kékeré tí òòlù ń gbá, ló fi ń mú iná dípò òkúta, òjò kì í sì í tètè bà á jẹ́. Nínú òjò mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló kọ̀ fún mi. Àmọ́ tí kápù bá tán sí yín lọ́wọ́ nínú igbó, ó tán náà nìyẹn. Ẹni tí oko rẹ̀ jìn sí ìlú tó bá fara mọ́ olókùúta, mi ò ní bá a jiyàn.

Inú ọ̀pá ṣakabùlà dán ni, kò ní ojú ìlà tó ń yí ọta po bíi ti ráífù, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e fún ọ̀nà jíjìn. Mo ya ọ̀yà sórí páálí, mo gbé e ti ọ̀gán. Ní ìṣísẹ̀ 20, ọta wẹ́wẹ́ 19 ló wọ̀ ọ́ lára. Ní 30, ó di 11. Ní 40, 4 péré ni, ọ̀yà gidi ì bá sì gba àárín wọn kọjá lọ sílé rẹ̀. Mo wá fi ẹ̀tù kún un pé bóyá yóò jìnnà sí i. Ńṣe ni ọta túbọ̀ fọ́n ká, èjìká mi sì wú. Mo dín ẹ̀tù kù, ni wọ́n bá kóra jọ padà. Tí a bá ń yìnbọn sí ìbẹ́pẹ láti fi díje láàárín ara wa, ọta òjé ẹyọ kan ni mo máa ń lò, tí mo fi akísà tí mo ti pa òrí sí wé dáadáa. Ní ìṣísẹ̀ 40, márùn-ún wọ ibi tí kò fẹ̀ ju àwo ọbẹ̀ lọ. Mi ò jẹ́ yìn ín sí ẹran tó bá ti kọjá 50, torí ẹran tó gbọgbẹ́ lọ kú sínú igbó, ìyà lásán ni mo fi jẹ ẹ́.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn: ẹnu rẹ̀ wúwo, ìdí rẹ̀ sì gùn jù fún apá mi. Káfíńtà ló bá mi gé e ní ìwọ̀n ìka kan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ dijú, ẹ gbé e léjìká, ẹ wá lajú. Tí ojú yín kò bá bọ́ sórí ìlẹ̀kẹ̀ ẹnu ìbọn, èyí tí à ń fi wo ẹran, kò bá yín mu. Fífọ̀ rẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Omi gbígbóná lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi òróró ẹ̀rọ pa á. Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ kan, mo sùn lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dógùn-ún.

Mo fi ọ̀bẹ fá ilà méjì sára irin ìkibọn mi, ọ̀kan fún ìgbà tó bá ṣófo, ọ̀kan fún ìgbà tó bá kún. Ilà yẹn ló ń sọ fún mi tí mo bá ti kì í tẹ́lẹ̀ tí mo gbàgbé, òun náà ló ń sọ bóyá ọta ti jókòó lórí ẹ̀tù. Àlàfo láàárín ọta àti ẹ̀tù lè la ọ̀pá tó dára pàápàá. Ẹ̀tù inú kátíríìjì, ìyẹn ọta ìbọn ìgbàlódé, ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a láṣà láé, agbára rẹ̀ kì í ṣe ti ṣakabùlà. Ẹ gba ìwé àṣẹ yín pẹ̀lú, torí Òfin Ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn àkìlẹ́nu mọ́ èyí tó gbọ́dọ̀ ní in.

Páìpù tó là yẹn ṣì wà nílé mi, mo fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọkùnrin tó bá wá bi mí nípa ìbọn, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń nà sí i, kó fi ìka tọ ojú ibi tó ti là.