Nínú àwọn òṣèré fíìmù méjì yìí, Michael Caine àbí Daniel Day-Lewis, ta lẹ máa mú?

Lọ́ńdọ́nù ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì o, àmọ́ ilé tí wọ́n ti wá ò jọra rárá. Bàbá Caine ń ru ẹrù lọ́jà ẹja Billingsgate, ìyá ẹ̀ ń báwọn èèyàn nu ilé, Caine fúnra ẹ̀ sì lọ jagun ní Korea kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Akéwì ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá Day-Lewis ní tiẹ̀.

Day-Lewis kì í fiṣẹ́ ṣeré ṣá, nígbà tó ń ṣe fíìmù My Left Foot, níbi tó ti ṣe bí arọ, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n tún ń fi ṣíbí bọ́ ọ lóúnjẹ! Àmì ẹ̀yẹ fíìmù Oscar 3 ló gbà fún olú òṣèrékùnrin, kò sọ́kùnrin míì tó gba tó yẹn. 2 ni ti Caine, ti òṣèré tó ń ti olú òṣèré lẹ́yìn sì ni méjèèjì.

Síbẹ̀ Caine lèmi máa mú jàre. Ó ṣe fíìmù tó ju 100 lọ, ó sì máa ń kọ́ àwọn òṣèré pé tí kámẹ́rà bá ti sún mọ́ ojú, kí wọ́n má ṣẹ́jú. Ẹ lọ wo ojú ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí i.