Ọjọ́ 19 ni mo fi tan ẹ̀rọ mi sílẹ̀: àgbéyẹ̀wò ẹgbẹ́ apín-fáìlì kan

Alẹ́ Sátidé kan, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ni ẹgbẹ́ apín-fáìlì tí mo wà nínú rẹ̀, níbi tí a ti ń gba fáìlì lọ́wọ́ ara wa lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì, ti àkáǹtì mi pa, nígbà tí fáìlì tí mo ń gbà ti dé 97%. Orin Ẹ̀fẹ̀ ni fáìlì náà, tí ọmọ ẹgbẹ́ kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo rí lójú ẹ̀rọ kò ju ìlà kan lọ: mo ti gba gigabáìtì 40, mo sì fún àwọn ẹlòmíràn ní 16, bí a bá fi 40 pín 16, 0.40 ló jẹ́, bẹ́ẹ̀ òfin ní kò gbọ́dọ̀ dín sí 0.60.

Èmi kì í ṣe agbà-má-fún. Mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kétu ní ilẹ̀ Benin, nítòsí Àkàbà Ìdẹ́nà, Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, tí mo ń fi sí kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ ilé-ìwé ló sì pọ̀ jù nínú 40 yẹn. Èmi náà ni mo gbé ohùn àwọn àgbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa síbẹ̀, wákàtí mẹ́ta gbáko, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn. Ọjọ́ 19 ni mo fi tan ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ lè rí i gbà. Bí iná bá lọ lóru, tí ó sì padà dé, màá dìde lọ tún ẹ̀rọ tàn. Ẹni mẹ́ta péré ló gbà á. Fáìlì ohùn kò wúwo, nítorí náà gbogbo àìsùn yẹn kò tó gigabáìtì kan nínú ìṣirò wọn.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ̀wé sí alábòójútó. Gbólóhùn kan ni ó fi dá ti àkọ́kọ́ lóhùn, ní èdè Faransé: òfin ni òfin. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó ní kí n lọ yá ẹ̀rọ kan ní Yúróòpù, kí n máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù, kí ó máa bá mi pín fáìlì. Kò dá méjì tó kù lóhùn.

Bí Bram Cohen ṣe ṣe BitTorrent, ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń pín fáìlì láàárín ara wọn, ní ọdún 2001, ẹni tó bá fún ọ ni ìwọ náà ń fún, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú-àáyá 30-30, ẹ̀rọ á ṣí ọwọ́ sí àlejò kan tí kò tíì fún un ní nǹkan kan, kí àlejò náà lè rí ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ yìí kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹnì kan gbà, ẹnì kan ló fún un. Bí olówó kan bá wà ní 3, dandan ni kí àwọn kan wà lábẹ́ 1, bó ti wù kí wọ́n sapá tó. Nínú àáró, ọjọ́ tí ọkùnrin fi wà lóko la máa ń kà, a kì í ka ebè rẹ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ Ajé, alábòójútó mìíràn kọ̀wé, arábìnrin kan láti Àjàṣẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn èèyàn tiẹ̀ ń rí yín.” Láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni ó fi jókòó tì mí. Òun ló rí i pé àdírẹ́sì Íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù mi fi ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oníbàárà, tí kò fi sí ẹni tó lè ti ìta kan ilẹ̀kùn mi, àfi bí èmi bá kọ́kọ́ pè é. Fún ọjọ́ 19, inú yàrá tí a ti pa ni mo jókòó sí. Ó tọrọ àforíjì, ó ṣí àkáǹtì mi, ó ní wákàtí tí mo fi tan ẹ̀rọ ni wọn yóò máa kà fún mi láti ìgbà náà lọ, lẹ́yìn náà ó gba ohùn àwọn àgbà náà sórí ẹ̀rọ tirẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí àwọn yòókù lè rí i gbà. N kò tíì bá alábòójútó tó ní irú sùúrù yẹn pàdé rí.

Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí ó ń lo dátà fóònù bíi tèmi, tí wọ́n ti tirẹ̀ pa ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ṣì wà níta di òní, 0.60 sì ṣì wà nínú òfin wọn. Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún wọn. N kò ní kúrò níbẹ̀: ohùn àwọn àgbà Kétu ti dé ọwọ́ ẹni 11 báyìí.