Ohùn Ti Dé Ojé, Àwòrán Ṣì Ń Bọ̀: Oṣù Mẹ́jọ Tí Mo Fi Lo Ìpàdé Orí Fídíò Ilé-iṣẹ́ Nẹ́tíwọ̀kì Mi

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ti dùn mí bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìpàdé mọ̀lẹ́bí wa ń lọ lọ́wọ́ lórí fídíò. Ọ̀rọ̀ òrùlé agbo ilé wa l'Ójé la wà lórí ẹ̀, páànù tó ti dógùn-ún tí òjò ń gbà kọjá bí ajere. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà wúkọ́, wọ́n tún jókòó dáadáa, wọ́n ní, "Ní tèmi o, mo máa fi..." Ibẹ̀ ni ìpàdé já. Ọ̀fẹ́ la ń lò, Zoom ọ̀fẹ́ kì í sì í kọjá ìṣẹ́jú 40. Ẹ sì mọ ìpàdé mọ̀lẹ́bí: àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti kíkí ara ẹni nìkan ti jẹ ogún ìṣẹ́jú nínú ẹ̀. Nígbà tá a fi máa rí gbogbo èèyàn kó jọ padà, Ẹ̀gbọ́n ti ro owó náà, wọ́n ti tún un rò. Iye tí wọ́n wá dá kò jọ iye tí mo rí lójú wọn tẹ́lẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé ìpàdé yẹn. Télọ̀ ni mí, Àkóbọ̀ n'Ìbàdàn ni mò ń gbé, mo sì tún ń kọ́ èèyàn mọ́kànlá ní aṣọ rírán lórí íntánẹ́ẹ̀tì láràárọ̀ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì. Torí náà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ni rọ́tà ilé mi, tó tún ni SIM inú fóònù mi, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn náà ti ní ìpàdé orí fídíò tiwọn, mo sanwó. ₦4,500 lóṣù, èèyàn 50, kò sí pé àkókò ti tó. Wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ lórí rọ́tà, ó ń ṣiṣẹ́ lórí SIM, ó sì ní nọ́ńbà kan tí ẹni tí kò ní dátà lè pè kó fi wọlé. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ọ̀rọ̀ kan ṣì wà nílẹ̀ láàárín èmi pẹ̀lú wọn tí kò tíì parí. Ti nọ́ńbà tí wọ́n sọ yẹn, díẹ̀ ló kù kí n má kà á rárá.

Nọ́ńbà yẹn gan-an ló jẹ́ kí n ṣì máa sanwó títí dòní.

Ìyá Aláró, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ni olórí ìpàdé. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, fóònù onítọ́ṣì ni wọ́n ń lò, wọn ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ra òmíràn fún wọn. Tẹ́lẹ̀, ọmọ-ọmọ wọn ló máa ń gbé fóònù tiẹ̀ síwájú wọn. Tí dátà ọmọ yẹn bá ti tán, a ò lólórí ìpàdé mọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ lo nọ́ńbà yìí, ọmọ yẹn bá wọn pè é, ó tẹ kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà, ó tẹ háàṣì, ohùn Ìyá sì bọ́ sáàárín wa, ó mọ́ ju ti èmi tí mo jókòó ti rọ́tà lọ.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Gbogbo wa ni, Màámi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Mo gbọ́ yín. Kí ló dé tí mi ò rí yín?"

"Fóònù yín ni ò lójú, Màámi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má rí mi, àmàlà ni mò ń jẹ."

Kò sí idán níbẹ̀. Ìpè lásán ní àyè tiẹ̀ lọ́tọ̀ lórí òpó nẹ́tíwọ̀kì, kì í bá àwọn tó ń fi dátà wo bọ́ọ̀lù du ojú ọ̀nà. Fóònù onítọ́ṣì yẹn, 2G ló ń gùn, irú èyí tí GSM gbé wọ Nàìjíríà ní 2001, ohùn ni wọ́n sì torí ẹ̀ ṣe é. Ilé-iṣẹ́ tó ni òpó ló wá so ọ̀nà àtijọ́ yẹn mọ́ ìpàdé tuntun.

Àmọ́ wọn ò kọ ọ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ pé ẹni tó bá pe nọ́ńbà yẹn ló máa san owó ìpè. Ìpàdé wákàtí méjì, owó ìpè wákàtí méjì. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá pè mí: "Akọ̀wé, ìpàdé yín ti jẹ káàdì mi tán." Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí i, nísàlẹ̀ pátápátá níbi tá a ti ń ṣètò ìpàdé, níbi tí wọ́n fi pamọ́ sí bí ẹyin awó, pé mo lè ní kí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ pe èèyàn wọlé, kí owó ibẹ̀ sì jáde lára tèmi. Ní báyìí, tó bá ti di ago mẹ́rin, fóònù Ìyá á dún, wọ́n á gbé e, wọ́n ti wà nínú ìpàdé. Lọ́jọ́ ọjà aṣọ òkè l'Ójé, inú ìsọ̀ ni wọ́n ti darí wa, tá à ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ná sányán láàárín ọ̀rọ̀ páànù. Nínú gbogbo ọ̀fẹ́ tí mo ti lò, kò sí èyí tó ṣe irú ẹ̀ fún wa.

Ti iṣẹ́ mi wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti ń bá wọn jà.

Ẹni tó bá ń kọ́ aṣọ rírán, ojú ló fi ń kọ́ ọ. Mi ò lè fi ẹnu júwe bí a ṣe ń yí ọrùn bùbá kó má fẹ̀ jù. Wọ́n ní láti rí ìka mi, wọ́n ní láti rí ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé. Ní kíláàsì àkọ́kọ́ lórí ètò yìí, ọwọ́ mi di ìkùukùu. "Àǹtí, a ò rí abẹ́rẹ́ o." "Àǹtí, ẹ dúró bí ère." Ọ̀kan nínú wọn wà ní Ṣakí, ọ̀kan ní Kútọnu, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé tẹlifíṣàn jáde ní Nàìjíríà, ní 1959, là ń gbé yìí o, ojú abẹ́rẹ́ ò wá lè ti Àkóbọ̀ dé Ṣakí.

Mo wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì mi ṣe ń yára tó. Èyí tó ń wọlé, 38 Mbps. Èyí tó ń jáde, kò pé 2, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, ó máa ń wálẹ̀ sí 0.6. Nọ́ńbà tó ń wọlé ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sára pátákó ìpolówó, torí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé kí wọ́n máa wo nǹkan. Ẹni tó ń kọ́ni, èyí tó ń jáde ló nílò. Rọ́tà 4G ilé mi àti gbogbo àdúgbò la jọ ń pín òpó kan, apá tó pọ̀ jù lórí òpó yẹn ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún ohun tó ń wọlé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òpó ń pariwo, rọ́tà ń sọ wúyẹ́wúyẹ́: agbára òpó lè dé ọ̀dọ̀ mi gbàgà, àmọ́ tèmi kí ó tó padà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà ní fáíbà, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba inú wáyà wọlé. Mo gbé máṣíìnì lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo ṣe kíláàsì, àwọn ọmọ rí ihò abẹ́rẹ́. Ètò ìpàdé kan náà ni, owó kan náà ni.

Ohun kan tó tún yà mí lẹ́nu ni pé aṣọ tí mo ń gé wà lára ohun tó ń ba àwòrán jẹ́. Fídíò kì í fi gbogbo àwòrán ránṣẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan, ohun tó bá yí padà nìkan ló máa ń fi ránṣẹ́. Ẹ wá fojú inú wo ánkárá olódòdó wẹ́wẹ́ tí mo ń yí síbí yí sọ́hùn-ún: gbogbo ẹ̀ ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà tóóró yẹn ò sì lè gbà á. Látìgbà yẹn, aṣọ funfun lásán ni mò ń tẹ́ sórí tábìlì, aṣọ aláwọ̀ kan ni mo fi ń kọ́ wọn, òwú tó yàtọ̀ sí àwọ̀ ẹ̀ ni mo sì ń lò. Fóònù dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kò mira. Àwòrán dára sí i ju bó ṣe wà lọ, láì fi kọ́bọ̀ kún owó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa bi mí nípa dátà: Zoom fúnra wọn kọ ọ́ pé fídíò èèyàn méjì ń fẹ́ bíi 600 kbps (0.6 Mbps) ní jíjáde àti ní wíwọlé. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Tá a bá ro méjèèjì pọ̀, wákàtí kan ti tó 540 MB. Ohùn nìkan, kò ní tó 100 MB. Látìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì, ti gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì fi owó kún owó títí dé 50% ní oṣù kìíní 2025, mo ti ń ka MB bí ẹni ń ka ẹyin. Ilé-iṣẹ́ mi ní ìpàdé tiwọn kì í jẹ dátà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: lórí SIM, òótọ́ ni. Lórí rọ́tà wọn kan náà, ó ń jẹ ẹ́ wàì. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní rọ́tà ò sí nínú àdéhùn. Wọ́n mọ̀ ọ́n kọ.

Ibi kan wà tí mo ti gbọ́dọ̀ yìn wọ́n. Tí sáfà ìpàdé, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ọ̀rọ̀ wa ń gbà kọjá, bá wà lókè òkun, èmi tí mo wà ní Àkóbọ̀ àti ọmọ tí mò ń kọ́ ní Apẹ̀tẹ̀, ọ̀rọ̀ wa á kọ́kọ́ gba abẹ́ òkun lọ kó tó padà wá sí Ìbàdàn. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já níwájú etíkun Côte d'Ivoire, èmi àti ọmọ Apẹ̀tẹ̀ yẹn ò gbọ́ ara wa lórí ètò tí mò ń lò nígbà náà, bí ẹni pé ọ̀kan wa wà ní Ṣáínà. Tilé-iṣẹ́ yìí, mo wọn lílọ-bíbọ̀ ẹ̀ láti ilé mi: 24 ms, ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni ms kan. Ti òkè òkun máa ń lé ní 100. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé èèyàn méjì kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ lu ara wọn lẹ́nu mọ́, kí ọ̀kan ní "Ẹ máa wí" kí èkejì náà ní "Rárá, ẹ máa wí," kí àwọn méjèèjì wá dákẹ́. Fún Ẹ̀gbọ́n ní Kánádà, ìyàtọ̀ ò pọ̀.

Wọ́n tún polówó pé èèyàn lè ti ilé bọ́ sígboro láì já kúrò nínú ìpàdé. Irọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá jáde ní géètì, tí fóònù bọ́ kúrò lórí rọ́tà sórí SIM, mo máa ń dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjìlá. Àdírẹ́sì fóònù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló yí padà, ìpàdé ní láti tún mi mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo wà nínú kẹ̀kẹ́ kọjá General Gas títí dé Ìwó Road, ohùn ò já. Àwòrán, ẹ má bi mí.

Ti iná, ẹ ti mọ̀. Wọ́n á mú un lọ nígbà tí kíláàsì bá dùn. Mo ra mini UPS, bátìrì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ rọ́tà, ó ń gbé e fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Kó tó dìgbà yẹn, ariwo jẹnẹrétọ̀ mi ló ń bá wọn kọ́ iṣẹ́.

Ó tún ní ohun kan tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ akọ̀wé ti bọ́ lọ́rùn mi. Yorùbá wa, ó gbọ́ ọ bí Gẹ̀ẹ́sì. "Agbolé Ojé" di "a bully okay." Mo fi han ìpàdé, ẹ̀rín pa wọ́n, wọ́n ní kí n lọ wá bírò mi.

Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ wá nìyí. Ní oṣù karùn-ún tí mo ti ń lò ó, wọ́n yọ owó oṣù kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní kí n pa rọ́tà, kí n tún un tàn. Kí ni rọ́tà ṣe nínú owó báńkì? Ẹni kejì ní ọ̀rọ̀ ìpàdé kì í ṣe ti ẹ̀ka rọ́tà, ẹni kẹta ní kì í ṣe ti ẹ̀ka SIM. Ó jọ pé ọmọ òrukàn ni ètò yìí nínú ilé wọn. Mo pe 622, nọ́ńbà tí NCC fi ń gba ẹ̀sùn, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ yẹn pè mí fúnra wọn, ohùn wọn ti tutù. Ìdajì owó ti padà, ìdajì tó kù ni mo ń retí.

Bí mo ṣe ń lò ó báyìí nìyí. Kíláàsì: mo máa ń ká gígé àti rírán sílẹ̀ lórí fóònù lálẹ́, mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó mọ́, tó bá wá di àárọ̀, ohùn nìkan la fi ń ṣàlàyé, ẹni tó bá rán nǹkan ló máa tan kámẹ́rà tiẹ̀ kí n rí ọwọ́ ẹ̀. Èyí tó ń wọlé sọ́dọ̀ mi ló kúkú pọ̀. Ẹni tó bá ní fáíbà ò nílò gbogbo wàhálà yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ fún fídíò nìkan lórí rọ́tà 4G bíi tèmi, kó fi ₦4,500 ẹ̀ ra òwú.

Ìpàdé mọ̀lẹ́bí, mo ti san ti oṣù kẹsàn-án. Ìyá Aláró ní kí n fi páànù sí orí kìíní, kí n sì ní kí ẹ̀rọ pe àwọn ṣáájú Ẹ̀gbọ́n.