Lẹ́sìn ọ̀sán kan ní Òkèlélé: owó mi ò ṣòfò, àmọ́ inú ń bí mi

Oṣù mẹ́ta rèé tí Ràmọ́tà ọmọ mi ti ń lọ sí lẹ́sìn kan lẹ́yìn ilé wa ní Òkèlélé, nílùú Ìlọrin. 3,000 náírà ni lóṣù. Wàrà ni mò ń dín tà ní Ìpàtà, ẹ mọ̀ pé n kì í ná irú owó bẹ́ẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Abẹ́ igi dóńgóyárò ni. Pátákó kan, ẹní méjì, ọmọ 14. Aago méjì ààbọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì ti tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Aláàsárì, torí ilé kéwú. Ìyẹn nìkan tó kí n yìn wọ́n. Lẹ́sìn tí mo kọ́kọ́ fi í sí, aago márùn-ún ni wọ́n ń jáde, díẹ̀ ló kù kí ààfáà lé e.

Kíláàsì kẹrin ni ọmọ yìí wà. Ó ka Àlùkùráánì dé Yásínì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ìwé Yorùbá fún un tẹ́lẹ̀, ojú yín ni yóò máa wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ta wàrà méje ní 150 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo gba 1,000. Ó ní, "Màámi, 1,050 ni." Oníbàárà náà ti lọ!

Ta wá ni tíṣà lẹ́sìn? Tíṣà kíláàsì rẹ̀ nílé-ìwé ìjọba náà ni. Ẹnu yà mí. Láàárọ̀, ọmọ 83 ló wà níwájú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ 35 ni ìlànà ìjọba àpapọ̀ ní kí tíṣà kan kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì, àwọn tó kù nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo bi í, ó ní, "Ìyá Ràmọ́tà, tí mo bá fi ìṣẹ́jú kan péré gbọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, n ò ní dé ìdajì wọn tí aago á fi lù."

Òfin UBE ọdún 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ní kí wọ́n má gba owó ilé-ìwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún kẹta girama. Tíṣà jẹ́ tèmi lọ́fẹ̀ẹ́ láàárọ̀ nìyẹn. Àyè tó fi máa gbọ́ ohùn ọmọ mi ni mò ń fi 3,000 rà. Owó tí wọ́n fi ń kọ́ kíláàsì kún kíláàsì ńkọ́? Ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ìpín tiẹ̀ kalẹ̀ kí UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ètò UBE ní Àbújá, tó tú tiẹ̀ sílẹ̀. Ní tiwa, bẹ́ǹṣì àná náà la ṣì ń rí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún lẹ́sìn náà. Òjò ló gbé ọ̀kan lọ: tó bá ti rọ̀, kò sí lẹ́sìn, wọn kì í sì í dá owó padà. Ọmọ aládùúgbò wa kan, ẹlẹgbẹ́ Ràmọ́tà tí ìyá rẹ̀ ò rówó san, máa ń jókòó sórí ògiri, ó ń bá wọn dáhùn. Tíṣà kì í lé e. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fọmọ síbẹ̀, ẹ tètè lọ, kẹ́ ẹ sì gbé àpótí ìjókòó yín dání.