Àwọn tó bá wa to íńtálọ́ọ̀kì sílé ní Mọ́níyà: bí iṣẹ́ wọn ṣe rí lẹ́yìn òjò oṣù mẹ́ta

Oṣù kejìlá la kó wọ ilé wa ní Mọ́níyà, n'Íbàdàn níbí, àbọ̀ pulọ́ọ̀tì, ilé yàrá mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá kó wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ò tíì mọ ilẹ̀ tó ń gbé o, gbogbo ibi ló gbẹ tó sì mọ́, àfìgbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lóṣù kẹta tí yẹ̀pẹ̀ pupa di ẹrẹ̀, àwọn ọmọ ń gbé ẹrẹ̀ wọ pálọ̀, mọ́tò bàbá wọn há sẹ́nu géètì láàárọ̀ Mọ́ńdè. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, owó àjọ tó kù yẹn, íńtálọ́ọ̀kì la máa fi tò, òkúta oníkọnkéré tí wọ́n ń tò sílẹ̀ àgbàlá yẹn.

Ibì kan tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù lọ́nà Ìsẹ́yìn ni mo ti rí wọn, àwọn fúnra wọn ló ń mọ òkúta, àwọn náà ló ń wá tò ó. ₦9,500 ni wọ́n gbà lórí mítà kan níbùú lóròó, òkúta, yanrìn àti owó iṣẹ́ pa pọ̀, ibi tá a tò jẹ́ mítà 96, ó wá jẹ́ ₦912,000. Owó gidi ni, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró tì wọ́n láti ọjọ́ kìíní dọ́jọ́ tí wọ́n parí.

Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ òkúta tàn yín jàre, pupa ni, dúdú ni, gbogbo ẹ̀ ló ń dán tó bá tuntun. Tépù ni mo mú dání lọ. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kó wá ò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin àbọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ mẹ́fà la jọ sọ, torí ibi tí mọ́tò bá máa gùn, mẹ́fà ló yẹ kó kéré jù, tó bá jẹ́ ibi tí tírélà ń wọ̀ ẹ ra oní mẹ́jọ. Mo tún mú méjì mo fi gbá ara wọn, èyí tó gbó dáadáa máa ń dún gooro, èyí tí ò tíì gbó á dún gbì, etí ẹ̀ á sì máa hó. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa wọ́n omi sí i ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n bá mọ ọ́n tán, sìmẹ́ńtì kì í kàn sá sóòrùn kó le, nǹkan bí ọjọ́ 28 ni agbára ẹ̀ tó ń pé. Ọ̀gá wọn ò bá mi jiyàn, ó ní "Mọ́mì, ẹ má bínú, àwọn ọmọ ló ṣì í kó," ó pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo fún wọn ní máàkì níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èkan gan-an ló mú mi jókòó kọ eléyìí. Ẹ̀yìn ilé wa, èkan ló bò ó, ẹni tó bá sì ti dáko rí mọ̀ pé èkan kì í ṣe koríko téèyàn ń bò mọ́lẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà rìn, ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, lóko bàbá mi mo ti rí iṣu tó gún wọlé láti apá kan tó yọ lápá kejì. Ohun tó gún iṣu, kí ni àlàfo àárín òkúta méjì jẹ́ lójú ẹ̀? Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti gbé àdá, wọ́n fẹ́ ṣán an kí wọ́n da yanrìn lé e kí wọ́n sì máa tò ó lọ, mo ní rárá o. Kí n má parọ́, ọ̀gá wọn ló tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, ó ní ká má tiẹ̀ ṣán an, ká jẹ́ kó hù kó tutù yọ̀yọ̀, ká wá fín ògùn apakoríko tó ní glyphosate nínú sí i, torí ewé tútù ló ń gbé ògùn yẹn lọ sí gbòǹgbò, ẹni tó bá ti gé ewé kúrò, orí ilẹ̀ lásán ló ń fín in sí. A fi ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀, a so adìẹ mọ́lẹ̀, ọmọ kankan ò dé ẹ̀yìn ilé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀ náà wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 20, wọ́n ṣa gbòǹgbò, wọ́n da laterite, yẹ̀pẹ̀ pupa tó máa ń le, sí i, wọ́n fi maṣíìnì lù ú títí ó fi le gbagidi, kí wọ́n tó tẹ́ ṣáàpù sáǹdì, yanrìn tó rí ṣákaṣàka yẹn, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lé e. Kì í ṣe yanrìn tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri o, ìyẹn máa ń fa omi mọ́ra, òkúta á sì máa rì lórí ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ṣe bẹbẹ ni ìṣàn omi. Ọ̀gá yẹn na okùn láti ìdí ògiri títí dé gọ́tà, ó jẹ́ kó máa rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjì lórí mítà kọ̀ọ̀kan, nígbà tí wọ́n tò ó tán ó gbé korobá omi kan ó dà á sábẹ́ fèrèsé, gbogbo wa dúró à ń wò ó, omi yẹn gba ọ̀nà gọ́tà lọ tààrà, kò dúró síbì kankan. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo ní kó tún dà á.

Wọ́n fẹ́ to òkúta bo ìdérí sókáwéè náà, wọ́n ní á rẹwà. Ọjọ́ tó bá kún ńkọ́? Mo ní kí wọ́n yí i ká, kí ìdérí ṣeé ṣí.

Màmá mi ló wá ní ká má to ibi gbogbo. Wọ́n wà n'Íbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 tí odò Ògùnpa ya wọ ilé onílé, Omíyalé tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ yẹn, wọ́n tún rí ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nítorí náà tí wọ́n bá ti rí àgbàlá tí wọ́n fi òkúta bò látòkè délẹ̀, ara wọn kì í balẹ̀. Wọ́n ní, "Tí gbogbo ilé bá ń lé omi síta, ọ̀dọ̀ ta ni kó wá lọ?" Mi ò rí èsì kankan fọ̀ sí i. A fi mítà kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì ẹ̀yìn, ewúro, ata rodo àti efinrin ló wà níbẹ̀ báyìí, omi tó ń ṣàn bọ̀ látorí òkúta, ibẹ̀ ló ń rì sí.

Etí ibẹ̀ náà ni wọ́n ti mú mi bínú. Wọn ò fi kọnkéré dì í. Ẹ wò ó, kò sí sìmẹ́ńtì láàárín íńtálọ́ọ̀kì, ṣe ni wọ́n ń fi ara ti ara wọn, tí etí bá ti ṣí sílẹ̀, èyí tó wà lẹ́yìn á máa sún tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré tí wọ́n lọ, ìlà méjì ti sún, ọwọ́ mi ń wọ àárín ẹ̀. Mo pè, wọn ò gbé e, mo tún pè, "Mọ́mì à ń bọ̀ lọ́la," ọ̀la di ọjọ́ 16, nínú òjò oṣù kẹfà, tí ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́ta ń sáré kọjá ibẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n dé wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, wọ́n tú ìlà mẹ́rin, wọ́n da kọnkéré sí etí ẹ̀, kò sì tíì mì látìgbà yẹn, àmọ́ ó dá mi lójú pé tí mi ò bá tíì san owó tán, wọn ò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ títí òjò gidi méjì á fi rọ̀ sórí ẹ̀.

A ti wọ oṣù kẹjọ báyìí. Iwájú ilé ò rì, mọ́tò ń wọlé ó ń jáde, èkan mẹ́ta ló yọjú lẹ́bàá fẹ́ǹsì, ọwọ́ ni mo fi hú u. Yanrìn àárín òkúta ti fọ̀ lọ níbi tí omi òrùlé ń já sí, mo ra yanrìn gbígbẹ bárò kan mo fi ìgbálẹ̀ gbá a wọlé, iṣẹ́ wákàtí kan ni.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni máàkì wọn lọ́wọ́ mi, ọjọ́ 16 yẹn ló jẹ ọ̀kan. Alàájì tó ń kọ́lé níwájú wa náà ti pè wọ́n, Sátidé yìí ni wọ́n ń bọ̀ wá wọn ilẹ̀, Alàájì ní kí n jọ̀ọ́ wá bá àwọn dúró, kí n sì mú tépù mi dání.